Tíì tí Màmá Mu ní Chicago

Nínú ẹ̀kọ́ kẹta ìwé wa, ẹ ti kà á pé tíì jẹ́ ohun mímu, pé àárọ̀ la sábà máa ń mu ún, àti pé búrẹ́dì ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń mu ún. Èmi ni mo kọ ẹ̀kọ́ yẹn, mo sì rò pé mo ti sọ gbogbo ohun tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ nípa tíì. Ọ̀sán Sátidé kan nínú oṣù Kẹta ló fi hàn mí pé ó kù díẹ̀ káàtó.

Ìyá mi ló wá kí wa láti Gbọ̀ngán, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Wọ́n ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, òtútù Chicago sì ti sé wọn mọ́lé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mẹ́fà nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, ọlọ́dún kejì ni gbogbo wọn, bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí àwọn bá Màmá jáde, kí àwọn lè bá àgbàlagbà tí kì í ṣe olùkọ́ sọ Yorùbá. Mo gbà, ṣùgbọ́n mo ṣe òfin kan: láti ìgbà tí a bá ti wọ mọ́tò títí a ó fi padà délé, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ Gẹ̀ẹ́sì. Màmá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀díẹ̀ o. Mo kàn bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Eré náà dùn mọ́ wọn ju bó ṣe dùn mọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ló mú àbá ibi tí a ó lọ wá: ilé tíì kékeré kan tó jẹ́ ti àwọn Faransé, ní àdúgbò Lincoln Park. N kò ní dárúkọ ilé náà fún yín. Tábìlì mẹ́sàn-án péré ló wà níbẹ̀, bí gbogbo kíláàsì bá sì ń lọ, èmi kò ní ríbi jókòó mọ́. Salon de thé ni àwọn Faransé ń pe irú ilé bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ilé oúnjẹ ńlá, kì í sì í ṣe ilé ọtí. Tíì, kọfí, ṣokoléètì gbígbóná àti oríṣiríṣi kéèkì ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Ẹni tó bá ti jókòó lè pẹ́ bó ṣe wù ú, kò sẹ́ni tí yóò lé e.

Ọ̀nà etí adágún ni a gbà lọ. Màmá a máa ka gbogbo pátákó tí ojú wọn bá rí, wọ́n sì bi wá léèrè pé ta ni DuSable. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí wọ́n bí ní Chicago ló dá wọn lóhùn, ó sì dáhùn dáadáa. Ó ní ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ni Jean Baptiste Point DuSable, pé èdè Faransé ló ń sọ, àti pé òun àti ìyàwó rẹ̀ Kitihawa, tó jẹ́ ọmọ ẹ̀yà Potawatomi, ti ń gbé ní ẹnu odò Chicago ṣáájú ọdún 1800, kí ibẹ̀ tó di ìlú. Ní 2021 ni ìgbìmọ̀ ìlú fi orúkọ rẹ̀ kún orúkọ ọ̀nà yẹn. Màmá mi orí. “Òun ló tẹ ìlú dó nìyẹn. Ṣé àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń jọba níbẹ̀?” Mọ́tò dákẹ́ lọ gbári. Mi ò tíì kọ́ wọn ní Yorùbá tí wọ́n lè fi ṣàlàyé ìbò dídì.

Nígbà tí a ṣílẹ̀kùn ilé tíì náà, agogo kékeré kan dún lókè orí wa. Ilé àtijọ́ ni lóòótọ́. Dígí ńlá kan wà lára ògiri tí férémù rẹ̀ rí bíi wúrà tó ti ń ṣí, aago onígi kan sì wà tí kò bá aago ọwọ́ ẹnikẹ́ni mu. Kọ́ọ̀pù wọn fẹ́lẹ́ bí èèpo ẹyin, kò sì sí méjì tí iṣẹ́ ara wọn dọ́gba. Kí Màmá tó jókòó, wọ́n kọ́kọ́ kí gbogbo ilé: “Ẹ kú ìjókòó o!” Àwọn tó ń mu tíì gbé ojú sókè. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi wo ojú mi, mo mi orí sí wọn, àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà náà sì kí ilé: “Ẹ kú ìjókòó o!” Ẹ rántí pé lọ́dọ̀ wa, ẹni tó wọlé ló ń kí ẹni tó bá nílé. Àwọn ará ibẹ̀ kò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé ìkíni ni. Ìyá arúgbó kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé juwọ́ sí wa.

Màmá jókòó, wọ́n fi ìka méjì wo aṣọ tábìlì. “Léèsì! Ohun tí èèyàn ìbá fi rán bùbá ni wọ́n tẹ́ sórí tábìlì yìí.” Lẹ́yìn náà ni wọ́n wò yíká, wọ́n sì béèrè ohun tí èmi fúnra mi kò tíì kíyè sí láti ọjọ́ tí mo ti ń lọ síbẹ̀: “Ṣé àwọn ọkùnrin ìlú yìí kì í mu tíì ni?” Lóòótọ́, yàtọ̀ sí àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta tó bá wa wá, obìnrin ni gbogbo ẹni tó wà nílé náà.

Ìbéèrè gidi ni, ìdáhùn rẹ̀ sì ti pẹ́ nílẹ̀. Ní nǹkan bí àádóje ọdún sẹ́yìn, bí obìnrin tó ka ara rẹ̀ sí ọmọlúàbí bá lọ ra nǹkan láàárín ìgboro Chicago, tí ebi wá ń pa á, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ibi tó ti lè jẹun láìsí ọkùnrin pẹ̀lú rẹ̀. Ilé ọtí àti ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin ló pọ̀ níbẹ̀. Bí obìnrin bá dá wọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé oúnjẹ, wọ́n lè ní kó máa lọ, tàbí kí wọ́n máa fi ojú burúkú wò ó. Ilé ló máa padà sí. Bó bá sì ti padà sílé, kò ní ra nǹkan mọ́ lọ́jọ́ náà. Àwọn oníṣòwò rí i pé owó ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn. Ní ọdún 1890, ilé ìtajà Marshall Field tó wà ní òpópónà State to tábìlì 15 sí àjà kẹta, wọ́n sì ṣe é ní ilé tíì. Ìtàn kan tí wọ́n máa ń sọ nípa ilé ìtajà náà ni ti obìnrin kan, Mrs. Hering, tó ń ta fìlà àwọn obìnrin níbẹ̀. Ebi ń pa àwọn oníbàárà rẹ̀, ó sì fún wọn lára páì adìyẹ tó gbé wá láti ilé. Páì yẹn ṣì wà lára oúnjẹ tí wọ́n ń tà níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é. Nígbà tó di 1907, wọ́n ṣí gbọ̀ngàn ńlá kan sí àjà keje, tí wọ́n fi pákó igi wọ́nọ́ọ̀tì bo ògiri rẹ̀ látòkè délẹ̀. Walnut Room ni orúkọ rẹ̀. Macy’s ni wọ́n ń pe ilé ìtajà náà láti 2006, ṣùgbọ́n gbọ̀ngàn yẹn ṣì wà níbẹ̀, ẹ sì lè lọ wò ó, pàápàá nígbà Kérésìmesì tí wọ́n máa ń gbé igi gíga kan dúró sáàárín rẹ̀.

Bákan náà lọ̀rọ̀ rí ní Paris. Ilé búrẹ́dì ni Ladurée nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1862. Iná jó o ní 1871, wọ́n tún un kọ́, ó di ilé kéèkì, nígbà tó sì yá ó di ọ̀kan lára àwọn ilé tíì àkọ́kọ́ ní ìlú náà, níbi tí obìnrin ti lè jókòó pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ láìbẹ̀rù ẹnu ayé.

Mo ṣàlàyé gbogbo èyí fún Màmá, wọ́n sì fi ọwọ́ lérán. Wọ́n ní, “Kí wọ́n tó kọ́lé fún obìnrin kó lè jẹun níta!” Ẹ má jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ náà ṣe wọ́n ní kàyéfì. Ní ìlú tí wọ́n dàgbà sí, obìnrin ló ń ta oúnjẹ lọ́jà, obìnrin ló ń rà á, ìdí ìsọ̀ ni wọ́n sì ti ń jẹ ẹ́. Wọ́n ní ìṣòro tiwọn, ṣùgbọ́n wíwá ibi tí wọn yóò ti jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà kò sí níbẹ̀.

Ọmọbìnrin tó ń dá wa lóhùn dé. Màmá ní, “Tíì ni kí ẹ fún mi.” Akẹ́kọ̀ọ́ kan túmọ̀ rẹ̀ fún un, nítorí òfin wa kò kan òun. Láìpẹ́, ọmọbìnrin náà gbé ìkòkò tíì méjì wá, ó gbé kọ́ọ̀pù sí iwájú kálukú, ó lọ. Màmá ṣí ìdérí ìkòkò kan. Wọ́n rí ewé tó ń léfòó nínú omi gbígbóná. Wọ́n rọra dé e padà.

“Ta ni ara rẹ̀ ò yá?”

Mo ní kò sí.

“Kí wá ni àgbo ń ṣe níbí?”

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin náà, tó mọ gírámà ju gbogbo wọn lọ, sọ pé, “Tíì ni, Mà.”

“Tíì kẹ̀? Mílíìkì rẹ̀ dà? Bournvita rẹ̀ dà?”

Ọmọ náà jókòó dáadáa. Ó ní, “Rárá, Mà. Èyí ni tíì. Bournvita tí ẹ ń sọ kì í ṣe tíì. Kòkó ni.”

Màmá wò ó. Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Wọ́n ní, “Ẹ ṣé o, tíṣà.”

Òun náà rẹ́rìn-ín. Ó dá wọn lóhùn bí ìwé wa ṣe kọ́ ọ gẹ́lẹ́: “Kò tọ́pẹ́, Mà.”

Ẹ jẹ́ ká dúró níbí díẹ̀, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí tábìlì yẹn kò sí nínú ẹ̀kọ́ kankan tí mo ti kọ. Kò sí àṣìṣe nínú gbólóhùn ọmọ náà. Ó lo “ẹ”, ó lo “Mà”, ohùn rẹ̀ sì lọ sókè sódò bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n ó kó “rárá” lu àgbàlagbà lójú, ó sì ń kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ èdè wọn. Ká ní ó ní, “Ẹ má bínú, Mà, níbí, ewé yìí ni wọ́n ń pè ní tíì,” ọ̀rọ̀ náà ì bá ti tán síbẹ̀. Ẹ wá wo ìdáhùn Màmá. Ẹ ti mọ̀ pé ọmọdé ló ń sọ “ẹ” fún àgbà. Nígbà tí ẹni àádọ́rin ọdún bá wá sọ “ẹ ṣé” fún ọmọ ogún ọdún, tó tún pè é ní tíṣà, ìyìn kọ́. Ó ti gbé e gorí àga, kí gbogbo ayé lè rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kanlẹ̀.

Ohun tó tún burú níbẹ̀ ni pé Màmá ló tọ̀nà. Ní Yorùbá tí àwa ń sọ nílé, tíì kì í ṣe orúkọ ewé. Ohun mímu gbígbóná tí a fi mílíìkì àti ṣúgà sí ni. Bournvita, Milo àti Ovaltine, tíì ni gbogbo wọn. Ẹni tó bá fẹ́ ewé nìkan á ní Lipton lòun fẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé iṣẹ́ mìíràn ló ṣe é. Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ ìṣe tó ń bá tíì rìn. A kì í se tíì bí a ṣe ń se ẹ̀wà. A máa ń po ó ni. A ó da lúbúlúbú sínú kọ́ọ̀pù, a ó bu omi gbígbóná lé e, a ó da mílíìkì sí i, a ó sì fi ṣíbí rò ó pọ̀. Ewé tí a bá rẹ sínú omi tàbí tí a sè, tí kò ní mílíìkì, tí wọ́n gbé fún èèyàn nínú kọ́ọ̀pù kékeré, orúkọ tó ti ní lọ́dọ̀ wa kí òyìnbó tó dé ni àgbo. Ìbéèrè Màmá kì í ṣe àwàdà. Wọ́n ka ohun tó wà níwájú wọn, wọ́n sì pè é lórúkọ tó bá a mu.

Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ti rìn jìnnà kó tó dé Gbọ̀ngán. Igi kan ṣoṣo ni tíì gidi ti ń wá, ilẹ̀ China sì ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń mu ún. Ní etíkun kan níbẹ̀, te ni wọ́n ń pè é. Ní ọ̀pọ̀ ibòmíràn, cha ni. Àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Netherlands tó ń rin ojú òkun gbé te dé Yúróòpù: ó di thé lẹ́nu Faransé, ó di tea lẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì, àwa sì gba tíì lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Cha ní tirẹ̀ gba orí ilẹ̀, ó di shay lẹ́nu àwọn Lárúbáwá, ó sì di shayi lẹ́nu Hausa. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ méjèèjì fi ń pàdé lálẹ́ ní Ìbàdàn, lórí tábìlì ẹni tí Hausa ń pè ní mai shayi, tí Yorùbá ń pè ní onítíì, tó ń po Milo fún ẹni tó fẹ́, tó sì ń din ẹyin sí búrẹ́dì. Bí ẹ bá débẹ̀ tí ẹ ní kó fún yín ní tíì, ẹ má retí ewé.

Mo rọra ṣàlàyé èyí fún ọmọ náà létí, ní Yorùbá, torí òfin. Ó gbọ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀, ìyẹn sì tó. Ó fi ọwọ́ bojú. Ó ní, “Mo rò pé Màmá ń yìn mí ni.” Lẹ́yìn náà ló dìde, ó lọ bá ọmọbìnrin tó wà nídìí kéèkì, wọ́n sì jọ sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó padà dé, ó gbé kọ́ọ̀pù kan dání. Ṣokoléètì gbígbóná ni, irú èyí tí àwọn Faransé ń ṣe, tí wọ́n ń yọ́ ṣokoléètì gidi sínú mílíìkì títí yóò fi ki. Kò gbé e sórí tábìlì. Ó tẹ̀ríba, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún wọn.

“Màmá, ẹ má bínú. Tíì yín nìyí.”

Màmá gbà á. “O ṣé, ọkọ mi.”

Ẹ kíyè sí “o” yẹn. “Ẹ” ti lọ, ọmọ náà sì ti padà sí àyè rẹ̀. Àwọn ìyá wa a máa pe ọmọkùnrin tí wọ́n bá fẹ́ràn ní ọkọ àwọn. N kò ní láti túmọ̀ ìyẹn fún un.

Màmá tọ́ ọ wò, wọ́n ní ṣúgà rẹ̀ kò tó, wọ́n fi méjì sí i, wọ́n tún tọ́ ọ wò. Ìgbà yẹn ni ojú wọn yí padà. “Kòkó ni lóòótọ́,” ni wọ́n wí. Bàbá wọn ní oko kòkó lẹ́yìn Gbọ̀ngán. Wọ́n sọ fún àwọn ọmọ náà bí wọ́n ṣe máa ń já kòkó, bí gbogbo ilé ṣe ń jókòó yíká láti fọ́ ọ, bí àwọn ọmọdé ṣe ń lá omi dídùn tó wà lára kóró rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó sá a sóòrùn. Òórùn rẹ̀ a máa wà lára aṣọ ilé ìwé wọn. Ọmọbìnrin kan béèrè bóyá wọ́n máa ń mu ṣokoléètì nígbà náà. Màmá ní, “Àwa kẹ̀? Tà ni à ń tà á.”

Owó tí wọ́n rí lórí rẹ̀ kì í ṣe kékeré, ìpín ìjọba níbẹ̀ sì pọ̀. Owó kòkó wà lára ohun tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà fi ṣe ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1955, owó yẹn náà ni wọ́n sì fi kọ́ Cocoa House, ilé alájà 26 tí wọ́n parí ní Dùgbẹ̀, Ìbàdàn, ní 1965. Ní Paris, ilé tíì kan wà tó ń jẹ́ Angelina, tí wọ́n ṣí ní 1903. Ohun tí wọ́n fi gbajúmọ̀ jù níbẹ̀ kì í ṣe tíì rárá. Ṣokoléètì gbígbóná ni, l’Africain sì ni wọ́n sọ ọ́, ìyẹn ni pé ará Áfíríkà. Nígbà tí mo sọ fún Màmá, wọ́n ní ó dáa, ó kéré tán wọ́n mọ ilé rẹ̀.

A lo wákàtí méjì àti ààbọ̀. Èmi ni mo sanwó, nítorí èmi ni mo pe èèyàn jáde. Ẹni tó bá pe àlejò ló ń gbọ́ bùkátà rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ pín owó náà láàárín ara wọn bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, Màmá sì bi wọ́n bóyá ìjà ló dé. Bí a ti ń wọ kóòtù, wọ́n ṣí báàgì wọn, wọ́n mú dọ́là márùn-ún jáde, wọ́n nà án sí ọmọkùnrin náà pé kó fi ra bisikíìtì. Ó ní, “Rá…” Ó rántí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó ní, “Ẹ ṣé gan-an ni, Mà. Ẹ ó jẹun ọmọ.”

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Màmá pe àbúrò wọn ní Gbọ̀ngán lórí fóònù. Mo gbọ́ wọn láti ilé ìdáná. Wọ́n ní àwọn Faransé Chicago gba àlejò, léèsì ni wọ́n fi ń bo tábìlì, tíì wọn sì ki dáadáa. Àgbo wọn ni kò korò tó.